Igbá Omi Ẹnu Ọ̀nà Èjìdé

Igbá omi kan wà lẹ́nu ọ̀nà Èjìdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé tí ẹnikẹ́ni kì í mu. Àràárọ̀ ló máa ń da omi inú rẹ̀ nù, á sì bu tuntun sí i. Nígbà mìíràn á gbọ́ bí igbá ṣe ń ha ìsàlẹ̀ àmù, nígbà tí kò sẹ́nì kan nídìí àmù. Àwọn aládùúgbò ní ogbó ló dé. Tẹnu wọn nìyẹn. Wọn kò mọ ohun tó ń bá a sùn tó ń bá a jí.

Àwọn tó ní omi ò lọ́tàá kò rí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Odò gbẹ, kànga gbẹ, ó wá ku ìsun kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀ òkè, tí omi rẹ̀ ń sun díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣahun. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, orí fọ́. Ni àwọn àgbà bá ní kí Èjìdé máa pín omi, nítorí kì í ṣe ojúsàájú.

Àwọn ọlọ́mọ púpọ̀ ní orí-ò-jorí ni kó fi pín in, kí ó ka gbogbo ẹni tó ń bẹ nínú ilé. Àwọn tí kò bí púpọ̀ ní ìdí-igi ni, kí ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìwọ̀n kan náà, bí wọ́n ti ń pín ogún. Èjìdé mú ìdí-igi. Kò ní wàhálà, kò sì sí ẹni tí yóò purọ́ iye ọmọ. Òun fúnra rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìyẹn náà wà ńbẹ̀. Ìjà sì parí.

Lábíkẹ́ bí mẹ́fà. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru mú àbíkẹ́yìn rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ìsun.

"Yèyé, ùgbá kan péré. Ọmọ ń gbẹ lọ́wọ́ mi."

Èjìdé wo àwọn obìnrin tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Àánú Lábíkẹ́ wọ̀ ọ́ ní akínyẹmí ara.

"Bí mo bá fi kún tìrẹ, ti ta ni kí n dín?"

Lábíkẹ́ gbé ìkòkò rẹ̀ rù, ó lọ. Ọmọ náà kú kí oòrùn tó kàn àtàrí.

Nígbà tí Lábíkẹ́ padà wá sí ìsun, Èjìdé kò lè wo ojú rẹ̀. Ó bu ìwọ̀n tó tọ́ sí i fún un, ó tún fi igbá kan lé e, kò sì sí obìnrin kan tó bá a jiyàn. Lábíkẹ́ bu igbá kan náà jáde, ó rọra dà á padà sínú ìsun.

"Ẹ ṣeun, Yèyé. A ò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Òjò ti rọ̀ láìmọye ìgbà lẹ́yìn ìyẹn. Èjìdé ṣì ń bu igbá náà, kò sì tíì rí ẹni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.