Ọsàn Tí Wọ́n Ní Ó Ń Pa Oògùn

Ọjọ́ tí wọ́n lé mi kúrò nílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, òórùn èèpo ọsàn gíréèpù ṣì wà lábẹ́ èékánná mi. Mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ títí, kò lọ. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi padà sí Ọ̀yọ́, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìborùn kí ẹni tó jókòó tì mí má baà gbọ́ òórùn ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò dá. Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Àwọn èèyàn a máa sọ pé bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́ ni ìbínú ń rọ̀. Tèmi kò rọ̀.

Ìgbà Sáàpù ni, nígbà tí búrẹ́dì di oúnjẹ ọlọ́rọ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, mo ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìwé kẹrin, ojú sì máa ń tì mí débi pé bí wọ́n bá ní kí n kí àlejò, inú ikùn ni mo ti ń kí i. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì láti Takíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Ní gáréèjì Ọ̀yọ́ tí mo ti ń ta ẹ̀pà sísun ló ti rí mi, ó sì mú mi lọ sílé ìyá rẹ̀. Ìyá yìí ni ìyá ìjọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní àdúgbò wọn, obìnrin gìrìwò tí ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo. Nínú ìjọ wọn, ẹnikẹ́ni kì í lo oògùn, ìbáà jẹ́ àgbo, ìbáà jẹ́ ti òyìnbó. Omi àdúrà nìkan ni. Màmá fúnra rẹ̀ ló máa ń dìde lọ́jọ́ Ìsinmi tí á ní, "Ẹ̀yin ara, ẹni tó bá gbé oògùn mì, Ọlọ́run ló gbé sọnù!" Gbogbo ìjọ á sì ké halelúyà.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ń gbé nínú ilé kan náà pẹ̀lú wa. Ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, nítorí náà mo ní láti wá orúkọ tí n ó máa pè é. Eyín rẹ̀ funfun, ó tò bí àgbàdo tútù, mo bá sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Inú rẹ̀ dùn sí orúkọ náà, ó ń yín eyín kiri. N kò mọ̀ pé eyín yẹn náà ni yóò fi bù mí jẹ.

N kò tíì lò ju oṣù mẹ́fà lọ nílé wọn tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Màmá. Lọ́jọ́ kan ó ní òun fẹ́ lọ kí àwọn òbí mi l'Ọ́yọ̀ọ́, gbogbo ilé sì ń yìn ín pé ó mọ iyì àna. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó mi, ojú mi ń ṣú, orí mi ń lù kì kì kì. Mú mi lọ sí ọsibítù tí ẹnì kankan ò ti mọ̀ mí." Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó mi orí, ó sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́. Nígbà tí a jáde, Màmá fún mi lọ́rùn ọwọ́ títí ó fi dùn mí. "Bí ọ̀rọ̀ yìí bá kúrò lẹ́nu rẹ, ìwọ àti èmi ò ní gbé abẹ́ òrùlé kan náà mọ́."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Màmá."

Mo rò pé ìfẹ́ ni. Inú mi dùn pé nínú gbogbo ilé, èmi ni ìyá ìjọ finú hàn. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Láti ọjọ́ náà, ìṣẹ́tí ìró mi ni mo ń so àwọn oògùn náà mọ́, nítorí Eyínfúnjowó kì í jẹ́ kí àpótí ìyá rẹ̀ sinmi. Èmi ni mo tún ń bá a lọ gbà á l'Ọ́yọ̀ọ́ bí ó bá tán, bí ẹni lọ kí ìyá rẹ̀.

Oògùn náà bá a lára mu, ẹ̀rí ọkàn ni kò jẹ́ kó sinmi. Á gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, á máa wò ó. "Ìyàwó, oògùn ni gbogbo oògùn ń jẹ́. Báwo ni n ó ṣe gbé e mì, kí n tún wọ aṣọ funfun?" Lọ́jọ́ kan ó rí ọ̀nà. Gbogbo àgbà ló mọ̀ pé ọsàn wẹ́wẹ́ ń pa oògùn. Ẹni tí ońdè bá wà lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi ọsàn kan òun. Ṣùgbọ́n ọsàn wẹ́wẹ́ ń ta Màmá níkùn. Ẹ̀yìnkùlé ilé ni igi gíréèpù kan wà, tí bàbá ọkọ mi tó ti kú gbìn nígbà tó ń tọ́jú ọgbà fún òyìnbó. Èso rẹ̀ tóbi bí orí ọmọ tuntun, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì korò débi pé àwọn ọmọ àdúgbò kì í jí i. Màmá tọ́ka sí i, ó ní, "Bí èyí tó kéré bá ń pa oògùn, mélòó mélòó ni bàbá rẹ̀!"

Mo rọra ní, "Màmá, bó bá pa á, ṣé á tún lè ṣiṣẹ́?"

Ó wò mí bí ẹni wo òpònú. "Ta ló ní kó má ṣiṣẹ́? Iṣẹ́ ni mo fẹ́. Oògùn ni mi ò fẹ́."

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí èso náà pọ́n, èmi ni mò ń fún un láràárọ̀, ẹyọ méjì sínú ife ńlá kan. Màmá á gbé oògùn sẹ́nu, á fi omi ọsàn náà lé e, á fún ojú pọ̀, á ní, "Ó ti kú." Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ojú rẹ̀ ń gbóná, tó ń di ògiri mú bó bá dìde. Ó ní Ẹ̀mí ló ń gbóná lójú òun. Ní tèmi, pẹ̀lú ọgbọ́n ìwé kẹrin, mo rò pé àìsàn ló ń le sí i, pé omi èso á fún un lókun. Mo sọ gíréèpù méjì di mẹ́ta.

Ọjọ́ ìkórè ló ṣẹlẹ̀. Màmá ti gbààwẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Oògùn àti ife ọsàn nìkan ló wà níkùn rẹ̀ nígbà tó dìde láti gbàdúrà lórí iṣu àti àgbàdo tí wọ́n kó síwájú pẹpẹ. Ó gbé ọwọ́ sókè, ohùn rẹ̀ já lójijì, ó sì wó lulẹ̀ sáàárín iṣu. Wọ́n lu agogo, wọ́n da omi sí i lórí. Wòlíì ìjọ di ojú, ó ń gbọ̀n. "Mo rí ife kan! Ọwọ́ obìnrin kékeré kan ló wà!"

Eyínfúnjowó kò dúró de ìtumọ̀. "Ìyàwó! Ṣé ìwọ kọ́ lò ń gbé omi kíkorò fún ìyá mi láràárọ̀? Ṣé mo parọ́ mọ́ ọ?"

Ní àkókò náà Màmá la ojú. Wòlíì tẹ̀ ba, ó ní, "Ìyá ìjọ, kí lẹ mu?"

Màmá wò mí. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tó fi wò mí lẹ́nu géètì ọsibítù ni. Ó ní, "Ohun tí ọmọ yìí fún mi ni mo mu."

Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo la ẹnu nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Dókítà ló fún wọn l'Ọ́yọ̀ọ́." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màmá ní, "Èmi? Èmi, oògùn?" Mo rò pé bí wọ́n bá fojú rí i, wọn yóò gbà. Mo tú ìṣẹ́tí ìró mi níwájú gbogbo wọn, mo sì na oògùn mẹ́rin jáde ní àtẹ́lẹwọ́.

Eyínfúnjowó ló kọ́kọ́ pariwo. "Májèlé rèé o! Ìdí ló so ó mọ́! Ìdí ló so ikú ìyá mi mọ́!"

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ohun tí mo fi fẹ́ gba ara mi sílẹ̀ ni wọ́n fi dè mí. Ọkọ mi ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kí oòrùn tó yẹ̀ àtàrí, ẹrù mi ti wà níta. Ọkọ mi gbé mi dé Takíè, ó sì fi mí sínú bọ́ọ̀sì ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ Ọ̀yọ́ ni tirẹ̀ náà ń lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lọ́jọ́ náà, orí mi sì wọ́.

Mo padà sídìí ẹ̀pà. Àwọn awakọ̀ ń mú ìròyìn wá pé Màmá tún ṣubú, ó tún ṣubú lẹ́yìn ọdún méjì, àsìkò ọsàn ni méjèèjì. Wọ́n ní ọwọ́ mi gùn, pé láti Ọ̀yọ́ ni mo ti ń nà án dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkùnrin méjì wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. Wọ́n lọ wádìí, wọn kò padà.

Lọ́dún yìí, ẹ̀jẹ̀ bàbá mi náà ru. Mo lọ ra oògùn rẹ̀, irú èyí tí Màmá ń lò gan-an ni, obìnrin apòògùn tó wà níbẹ̀ sì ní, "Kí Bàbá má mu gíréèpù sí i o."

Mo ní, "Ṣé torí pé ọsàn ń pa oògùn ni, mà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí kì í pa á, ó ń jí i ni. Ohun kan wà nínú ìfun wa tó máa ń bu oògùn yìí kù kó tó wọnú ẹ̀jẹ̀. Gíréèpù á de ohun náà lọ́wọ́, oògùn á sì rọ́ wọlé. Ẹyọ kan á dà bíi méjì, bíi mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀ jù, èèyàn á sì ṣubú. Kì í ṣe gbogbo oògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, irú èyí ni. Àwọn dókítà pàápàá, kò tíì pẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n."

Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé wòlíì kò parọ́. Ife náà ni, ọwọ́ mi ló sì wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ kó tó mu ife náà, òun ló dákẹ́.

Mo mọ̀ pé àsìkò ọsàn ti ń bọ̀, àti pé bí n kò bá sọ̀rọ̀, Màmá lè ṣubú kó má dìde mọ́. Mo kọ lẹ́tà, ìlà mẹ́ta péré: "Gíréèpù kì í pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí Màmá ń gbà ní ọsibítù Ọ̀yọ́. Ó ń sọ ọ́ di púpọ̀ ni, òun ló ń gbé wọn ṣubú. Kí wọ́n máa fi omi lásán lò ó." Mo lè fi rán awakọ̀ sí Màmá nìkan ní kọ̀rọ̀. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Eyínfúnjowó ni mo kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn àpòòwé, orúkọ tí n kò pè rí. Eyínfúnjowó kò mọ̀wé. Wòlíì ló máa ń ka lẹ́tà fún un, ohùn wòlíì kì í sì í lọ sílẹ̀. Ẹ̀mí ni mo fi ránṣẹ́, mo sì fi ẹ̀tẹ́ wé e.

Awakọ̀ tí mo fi lẹ́tà náà rán padà dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ó ní wọ́n ti gé igi gíréèpù náà lulẹ̀, àti pé ìyá ìjọ ti ń jókòó sẹ́yìn, kò bú oògùn mọ́. Mo bi í bóyá wọ́n ní kó kí mi.

Ó yí ojú sí títì. "Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ pé wọ́n ti gé e."

Mo da ẹ̀pà rẹ̀ fún un, mo sì ronú nípa ilé náà títí ó fi wa ọkọ̀ lọ. Ọdún mẹ́sàn-án, igi ti wó, kò sí ohun tó yí padà níbẹ̀. Wọ́n kàn tún rí ẹlòmíràn tí wọ́n ní kó pa ẹnu mọ́ ni.