Àárọ̀ tí Ìyá Mi Dúró de Ọkọ̀ ní Ìdí-Emi

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin gbé ike kékeré kan wá fún mi láti Èkó. Ó ní ìpara tó dára fún awọ àgbà ni. Wọ́n ya òdòdó sí ara ike náà, wọ́n sì ti da lọ́fínńdà sí ohun tó wà nínú rẹ̀ débi pé bí mo ṣe ṣí i, mo sín lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ìka tọ́ ọ, tí mo sì fi pa ẹ̀yìn ọwọ́ mi, òórùn kan yọjú lábẹ́ lọ́fínńdà yẹn, bí àgbà tó jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìn àwọn ọmọdé tó ń pariwo. Òrí ni. Òrí gidi, tó ṣì ní òórùn èéfín díẹ̀ nínú. Mo pa ike náà dé, mo ṣí i, mo tún pa á dé. Ọmọ náà ń wò mí. Ó ní, "Màmá, ṣé kò dáa ni?" Mo ní ó dáa. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ fún un pé ó ti gbé mi pa dà sí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, nígbà tí bàbá mi kó wa kúrò ní Òmù-Àrán lọ sí oko.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, oko lẹ ti ń lọ sí ìlú. Àwa ti ìlú lọ sí oko, ojú sì tì mí púpọ̀ nígbà náà.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan ló wà níbẹ̀, àga gígùn kan fún àwọn tó wá wọn aṣọ, àti dígí kan tó ti là láàárín, tí gbogbo ẹni tó bá wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀ fi ń ní imú méjì. Ìyá mi ń ṣe búrẹ́dì ní tirẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa ni ààrò alámọ̀ rẹ̀ wà. Kí àlùfáà ilé kejì tó pe ìrun àárọ̀, ìyá mi á ti máa po ìyẹ̀fun, a ó sì máa gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú ọpọ́n láti orí ẹní: gbì, gbì, gbì. Ráfátù, ọmọ àlùfáà náà, ni ọ̀rẹ́ mi. Èmi àti òun la jọ ń jẹ búrẹ́dì tó bá jóná. Àwa méjèèjì la sì máa ń gbàdúrà, èmi lọ́nà ti ṣọ́ọ̀ṣì, òun lọ́nà ti mọ́ṣáláṣí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí méjì tàbí mẹ́ta jóná lójoojúmọ́.

Ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ fura, torí pé ó ń pè mí ṣáá kí n wá bá òun ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó ní òun fẹ́ kí n tètè kọ́ṣẹ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ló rán ṣòkòtò fún tíṣà kan, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún fi ìka mẹ́rin gùn ju ti òsì lọ. Tíṣà wọ̀ ọ́, ó wo dígí, ó rò pé dígí ló ń purọ́. Nígbà tó dé ilé-ìwé, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ òtítọ́ fún un. Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ó lọ rí dókítà. Dókítà sọ fún un pé yóò máa rí ọ̀nà, yóò máa rí ènìyàn, ṣùgbọ́n kí ó gbàgbé ojú abẹ́rẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tó ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, ilẹ̀ bàbá mi ṣì wà ní Ìdí-Emi. Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ níbẹ̀. Iṣu kì í béèrè ojú tó mú."

Ìyá mi ní, "Inú ìlú ni wọ́n bí mi sí, Bàbá wọn. Ta ni yóò ra búrẹ́dì lóko?"

"Mo mọ̀."

"Màá tẹ̀ lé yín. Àmọ́ n kò ní tú ẹrù mi o. Ọjọ́ tí ẹ bá ní ká pa dà, kó má jẹ́ èmi ni mo dá wa dúró."

Bàbá mi fi maṣíìnì rẹ̀ sílẹ̀ fún télọ̀ kan tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́. Kí ó tó kúrò níbẹ̀, ó fi ọwọ́ pa maṣíìnì náà lórí bí ẹni ń dágbére fún ẹṣin. Nígbà tí ọkọ̀ wa gbéra, Ráfátù sáré tẹ̀ lé wa títí dé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ó wá dúró sáàárín eruku, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ìgbà ìkẹyìn tí mo rí i nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo gbọ́ pé Àjàṣẹ́-Ìpo ló lọ́kọ sí. Mo ti bi àwọn ará Àjàṣẹ́ léèrè títí. Ráfátù pọ̀ níbẹ̀ ju ewé lọ.

Ìdí-Emi kì í ṣe ìlú. Ilé mẹ́jọ péré ni, tí ènìyàn bá kọjá Èsìẹ́ tó sì yà sí inú igbó. Igi emi ló yí wọn ká, àwọn igi wúwo tí èèpo ara wọn là bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Inú èso wọn ni wọ́n ti ń rí òrí. Kò sí omi ẹ̀rọ, kò sí iná. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń sáré lórí òkúta wẹ́wẹ́ láìwọ bàtà. Èmi a máa rìn bí adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ọmọ Oníbúrẹ́dì ni wọ́n ń pè mí. Mo sunkún fún ọ̀sẹ̀ méjì, àmọ́ ẹkún ọmọdé kì í pẹ́ níbi tí oúnjẹ bá wà. Èso emi tó bá já sílẹ̀ máa ń tutù nínú ìrì àárọ̀, ara rẹ̀ a rọ̀, a dùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń jẹ èyí tó tóbi jù. Kí oṣù kan tó pé, èmi ni mo ń kọ́kọ́ jí.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olórí àwọn obìnrin abà náà. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é, ìyá mi nìkan ló ń pè é ní ìyáalé mi. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣa emi lọ́dún, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé omi àti obì lọ sí ìdí igi tó dàgbà jù, yóò sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn tó ti lọ. Bàbá mi, tó ń gbé Bíbélì lọ́jọ́ ìsinmi, a wúkọ́, a sì kọjú sí ọ̀nà bí ẹni ń retí àlejò. Àmọ́ kò jẹ́ ká ṣa emi kí Ìyá Àgbà tó dìde.

Ìyá mi ṣe bó ṣe wí. Ẹrù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aṣọ ńlá dì í, okùn yí i ká. Ìró méjì àti ìkòkò kan ló yọ sílẹ̀. Ó yá ìgbákọ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, tirẹ̀ mẹ́ta sì wà nínú ẹrù. Ó yá ajere, ó yá àwo. Ìyá Àgbà ń fún un, kò sì bi í léèrè rí. Ìyá mi kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ó ń kí wọn dáadáa, ó ń lọ sódò pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n bí ẹni tó wọ̀ sí ilé àlejò ló ṣe ń rìn. Nígbà mìíràn mo máa ń rí i tó jókòó, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Òjò ọdún kejì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí awakọ̀ tó máa ń kọjá lọ́jọ́ ọjà mú iṣẹ́ wá. Obìnrin tó ń lo ààrò ìyá mi ní Òmù-Àrán ní kí ó sọ bóyá ó ń bọ̀. Bí kò bá bọ̀, òun fẹ́ gba ibẹ̀ pátápátá. A kò jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá mi ló sọ̀rọ̀ níkẹyìn.

"Ibi tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn ni kí o lọ, Àbẹ̀kẹ́. N kò ní torí ojú tèmi fọ́ ojú ayé tìrẹ."

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ìyá mi wẹ̀, ó wọ bùbá léèsì rẹ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀ lé orí. Ó ní kí n dúró ti bàbá mi títí ilé-ìwé mi ní Èsìẹ́ yóò fi gba ìsinmi, òun á wá mú mi. Mo sìn ín dé ìdajì ọ̀nà. Ó ní kí n pa dà. Mo pa dà, mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

Bí mo ṣe wọ agbo ilé, mo rí Ìyá Àgbà nílẹ̀ níwájú ọpọ́n òrí rẹ̀. Ó ti yọ̀ ṣubú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí okùn tó tú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí wọ́n bá ti se emi, tí wọ́n sá a, tí wọ́n yan án, tí wọ́n sì lọ̀ ọ́, yóò dà bí ẹrẹ̀ pupa. Ọwọ́ ni wọn yóò fi máa pò ó pẹ̀lú omi títí òrí yóò fi yọ funfun. Bí ọwọ́ bá dúró lágbedeméjì, òrí kò ní jáde mọ́. Iṣẹ́ odidi ọdún ló wà nínú ọpọ́n yẹn, àwọn obìnrin yòókù sì ti lọ sọ́jà.

Ìyá Àgbà kò ké. Ó ní, "Sáré. Sọ fún ìyá rẹ pé òrí fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Mo sáré. Òkúta kò dùn mí lẹ́sẹ̀ mọ́. Mo ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń gun òkè bọ̀. Nígbà tí mo dé etí ọ̀nà, ó ti dúró, awakọ̀ ń ké pe ìyá mi, "Màmá oníbúrẹ́dì, ẹ wọlé!" Mo sọ ohun tí wọ́n rán mi, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìmí.

Ìyá mi wò mí. Ó wo ọkọ̀. "Ṣé ẹ lè dúró dè mí díẹ̀?"

"Ọjà kì í dúró de èèyàn, Màmá."

"Ẹ máa lọ nígbà náà." Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sínú koríko, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì sáré. N kò rí ìyá mi kó sáré rí. Èmi ni mo gbé ẹrù náà, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn mi fi ń gbọ̀n títí mo fi délé.

Nígbà tí mo dé, ó ti kúnlẹ̀, apá bùbá léèsì ti di kíká dé èjìká, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà nínú ẹrẹ̀ pupa náà. Ìyá Àgbà fara ti ògiri, ó ń sọ fún un ìgbà tí yóò bu omi sí i. Gbì, gbì, gbì. Bàbá mi ń ti ẹ̀yìn ilé bọ̀, kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbọ́ ìró náà, ó dúró, ó di òpó mú. Òógùn ń kán láti imú ìyá mi, kò sì nù ún. Ó pẹ́ títí tí nǹkan kò yí pa dà, mo sì rò pé ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, ó di bí àwọ̀ ẹyin, ó wá wú sókè lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, funfun.

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. "Ìyàwó mi, níbo lo gbé ọwọ́ yìí pa mọ́ látọjọ́ yìí?"

Ìyá mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún, kò mọ èyí tí yóò ṣe. Igbá tó wà nílẹ̀ kéré fún òrí náà. Ó kọjú sí mi. "Lọ tú ẹrù yẹn. Ọpọ́n ńlá mi wà nísàlẹ̀."

Mo dúró bí òpè.

"Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Kókó okùn náà ti le bí eegun. Mo fi èékánná ṣe é, mo fi eyín ṣe é, kò tú. Bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìka télọ̀ kò nílò ojú fún kókó. Ó wá orí okùn, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹrù náà sì ṣí sílẹ̀ láàárín agbàlá, pẹ̀lú ìgbákọ mẹ́ta àti gbogbo ohun tí a ti ń yá.

Oníṣègùn eegun kan láti Àrán-Ọ̀rin to èjìká Ìyá Àgbà. Kí ọdún náà tó parí, ìyá mi ti mọ ààrò sẹ́yìn ilé. Òrí ló ń pò mọ́ ìyẹ̀fun dípò bọ́tà, àwọn èèyàn sì ń ti Ìsánlú-Ìsin wá ra búrẹ́dì lóko. Bàbá mi gbin iṣu fún ọdún mẹ́rìndínlógún níbẹ̀. Ó máa ń fi ẹsẹ̀ mọ ibi tí ebè wà, kò sì ṣi ọ̀kan gbẹ́.

Àwọn méjèèjì ti sùn sí Ìdí-Emi báyìí. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò tó kọjá. Ọ̀nà ti dára, páànù ti bo gbogbo ilé, ẹnu àwọn ọmọdé kò sì kúrò lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ igi emi ni wọ́n ti gé sun èédú, ibi tí wọ́n dúró sí rí bí ẹnu tí eyín ti ká. Inú mi bàjẹ́. Ẹ̀rọ ló ń lọ emi fún wọn nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń pò ó, torí wọ́n ní ẹ̀rọ kò mọ ìgbà tó ń yí pa dà. Mo jókòó ti àwọn obìnrin kan tí n kò mọ̀. Wọn kò bi mí pé ọmọ ta ni mí. Wọ́n kàn ti ọpọ́n kan sún mọ́ mi. Mo pò ó. Kò pẹ́ tí apá fi ń ro mí. Kí n tó sọ̀rọ̀, ọ̀dọ́bìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti na ọwọ́ tirẹ̀ sínú rẹ̀, ó ń bá a lọ níbi tí mo dé, kò tilẹ̀ wo ojú mi. Mo yọ ọwọ́ mi, mo jókòó, mo ń wò ó.