Ẹ̀rín Àbúrò Mi Lójú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Ìbàdàn, ilé ìtẹ̀wé kan ní Bẹẹrẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀, mo máa ń fi máùsì yàwòrán lójú kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ya àbúrò mi ọkùnrin tó kú ní kékeré. Mo yà á bí ẹni tó ti dàgbà, tó ti ń hu irùngbọ̀n. Mi ò sọ fún ìyá wa, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ náà, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ nílé wa l'Ọ́jà'ba.

Nígbà tí àwa ayàwòrán mélòó kan ṣe ìpàtẹ nítòsí Mápó, mo tẹ àwòrán náà sí bébà, mo gbé e kọ́ ògiri. Bí mo ṣe gbójú sókè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi ni mo rí níwájú àwòrán náà. Ìborùn wọn ti bọ́ sílẹ̀, wọn ò mọ̀.

“Ta nìyí?”

Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ ṣubú, tàbí kí wọ́n gbé mi ṣépè.

“Màámi, ẹ má bínú. Ẹ mọ̀ ọ́n.”

Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lórí bébà.

“Kí ló dé tí kò rẹ́rìn-ín? Ọmọ yẹn kì í lejú mọ́ èèyàn. Ṣé ẹ̀rọ yín lè tún un ṣe?”

Mo ní ó lè ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, nílé ìtẹ̀wé, mo ń fa ètè rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ìyá mi fa àga tì mí, wọ́n ń wò ó.