Káàdì Aláriwo Tí Mo Rà Ní Òṣogbo

Ọkùnrin tó ń lọ ata ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ yé. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ata oníbàárà ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì lọ láì tilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìró ìbọn tí à ń gbọ́ láti òwúrọ̀ kì í ṣe ti ọdẹ.

Iṣẹ́ mi ní Ìlọ́bù ni pé mò ń ya fídíò ayẹyẹ, mo sì ń tò ó lórí kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà náà sá, àmọ́ ó tóbi bí àpótí aṣọ, wáyà sì so mọ́ ọn káàkiri. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Olówó orí mi, ṣé irin yìí lẹ fẹ́ tìtorí ẹ̀ kú ni?"

Mo fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀. A sá dé Òṣogbo. Nígbà tí a padà, ṣọ́ọ̀bù ti jóná. Ilé jóná náà ní Ìfọ́n, ìlú tí àwa àti wọn jọ ń jà. Mi ò sunkún. Mo kàn dúró, mò ń wo ibi tí fèrèsé wà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kónílé-ó-gbélé ṣì wà. Mo pinnu pé kọ̀ǹpútà tí màá ní lọ́tẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ kéré tó ohun tí mo lè fi ọwọ́ kan gbé sá. Mo lọ bá obìnrin kan tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù ní Òṣogbo. Ó ti bá mi wá àpótí kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí bàtà lọ. Ó ku káàdì tí ń ṣiṣẹ́ àwòrán nínú rẹ̀.

Ó gbé méjì síwájú mi. Ọ̀kan ní fáànù méjì níta. "Eléyìí kì í pariwo, sà, àmọ́ inú àpótí náà ló ń da ooru sí. Nínú àpótí kékeré, á sun ara ẹ̀ bí ẹran." Èkejì ni wọ́n ń pè ní bulówà: fáànù kan ṣoṣo tí wọ́n fi ike bò. Ó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì ń ti ooru jáde láti ẹ̀yìn àpótí. "Àmọ́ ó ń kígbe bí ìyáálé tí wọ́n kó ọbẹ̀ ẹ̀ jẹ."

Mo yí méjèèjì wò. Láti ọjọ́ tí a sá, etí ni mo fi ń ṣọ́ ilé. Bí ẹ̀rọ bá ń pariwo, báwo ni mo ṣe máa gbọ́ ìbọn? Bí mo bá sì mú èyí tó dákẹ́, á jóná, kò ní sí iṣẹ́.

"Ṣé yàrá tó ní afẹ́fẹ́ lẹ máa gbé e sí? Ìlú wo lẹ ti wá, sà?"

"Ẹdẹ." Ohun tí mo máa ń sọ fún àjèjì nìyẹn.

"Agboolé wo ní Ẹdẹ?"

Kò sí Yorùbá tí kò ní béèrè agboolé, mo sì gbàgbé láti wá ọ̀kan sílẹ̀. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má wulẹ̀ wá a. Ẹdẹ lèmi náà ń sọ, mi ò sì tíì mọ agboolé kankan níbẹ̀. Ọmọ Ìfọ́n ni mí."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Kò dìde.

"Ìlọ́bù," mo sọ níkẹyìn. "A kì í ṣí fèrèsé yàrá náà."

"Àwa náà kì í ṣí i. Ẹ mú bulówà, sà. Kí ẹnì kan máa jókòó síta, kó máa bá yín gbọ́."

Mo mú un. Nílé, ìyàwó mi ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, mò ń dá iṣẹ́ dúró kí ariwo lè rọlẹ̀, kí n tẹ́tí. Fídíò wákàtí kan ń gbà mí ní odidi ọjọ́.

Lọ́jọ́ tí rédíò kéde pé wọ́n ti mú kónílé-ó-gbélé kúrò pátápátá, àwọn aládùúgbò ń bá ara wọn yọ̀. Ìyàwó mi ní òun ń lọ sọ́jà, pé iṣẹ́ ọlọ́dẹ ti tán. Mi ò yọ̀, mi ò sì banújẹ́. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo ní kó máa to fídíò ìgbéyàwó kan lọ. Bulówà bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ mi lọ síbi bọ́tìnì tí mo fi ń dá a dúró. Mo fà á padà. Mo jẹ́ kó pariwo títí fídíò náà fi parí.