Áyódìn Inú Ògì

Ẹ̀yìn kíláàsì ni mo máa ń jókòó ní fọ́ọ̀mù kejì, pẹ̀lú ìborùn lọ́rùn nínú ooru. Gẹ̀gẹ̀ ti yọ sí mi lọ́fun.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà wa ń kọ́ wa nípa àwọn èròjà tí kì í ṣe irin. Ó ní ìdílé ìdílé ni wọ́n tò wọ́n, ó wá nawọ́ sí ìlà kan nínú àwòrán ara ògiri.

"Kilorínì, atẹ́gùn ni. Burómínì tó wà lábẹ́ rẹ̀, omi pupa ni. Áyódìn ìsàlẹ̀ yìí, ó dì gbagidi. Bí ẹ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni àwọ̀ wọn ń ṣú sí i, ṣùgbọ́n ìjà wọn pẹ̀lú èròjà mìíràn ń rọ̀."

Ó fi áyódìn díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e sórí iná. Èéfín aláwọ̀ àlùkò rú jáde. Ó ní inú òkun ni nǹkan yìí pọ̀ sí, òkun sì jìnnà sí Tẹ̀dé, ìlú wa. Ẹni tí kò bá rí i jẹ tó, ọ̀fun rẹ̀ lè wú. Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi.

"Tíṣà, èyí gbé ọsàn mì ni."

"Kò tíì dà nínú ẹ̀ ni!"

Ìyá mi nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Ògì ni wọ́n ń tà, òun ni wọ́n fi ń rán mi níléèwé. Iṣu bàbá mi kò ju ohun tí a ń jẹ lọ. Wọ́n lọ sí Ṣakí, wọ́n ra áyódìn tí wọ́n fi ń kun ojú egbò. Láràárọ̀, wọ́n á mú mi jókòó ti agbada ògì, wọ́n á máa fi kùn mí lọ́rùn.

"Gbé ọrùn sókè."

"Ó ń ta mí, ìyáà mi."

"Kó máa ta ọ́. Ṣé bí o ṣe máa rí lọ nìyẹn?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn oníbàárà ti dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ìgò áyódìn náà yọ bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi sínú ògì. Ibi tó dà sí dúdú lójú ẹsẹ̀. Ìyá mi sáré rò ó, wọ́n rò pé yóò pòórá. Gbogbo rẹ̀ bá di aró.

"Ìyá ológì, kí lẹ rò mọ́ ọn?"

"Oògùn ni, ẹ jọ̀ọ́, oògùn ọrùn ọmọ mi."

"Oògùn wo ló ń sọ ògì di aró? Àìsàn ọmọ yẹn ló wọnú ẹ̀! Ẹ gbà mí o, ọmọ mi mu ti àná!"

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni áyódìn máa ń ṣe sí ògì àti iṣu, kò sí àìsàn kankan níbẹ̀.

Ìyá mi da agbada kan nù, wọ́n po òmíràn. Ó funfun báláú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rà á, ó sì kan mọ́ wa lọ́wọ́ títí ó fi bàjẹ́. Nígbà tí táàmù tuntun wọlé, oko ni mo bá bàbá mi lọ. Àwọn obìnrin tó ń ra ògì wa tẹ́lẹ̀ ń kí wa dáadáa lójú ọ̀nà, wọ́n ń béèrè àlàáfíà ilé. Wọn kò béèrè ògì.