Ẹni Àkọ́kọ́ ní Ìsọ̀ Ìyá Mi

Ní Ẹ̀pẹ́ wa níbí, ìsọ̀ tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ rajà nínú rẹ̀ pọ̀, oníkálùkù sì ní ìdí tirẹ̀. Ọkùnrin kan wà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí tó ń ta aṣọ òyìnbó. Apá ló fi ń wọn aṣọ, láti àárín àyà dé orí ìka, Ọlọ́run sì dá apá rẹ̀ ní kúkúrú. Àwọn obìnrin a máa sọ fún un pé, "Ẹ pe àbúrò yín wá bá wa wọ̀n ọ́n," torí pé àbúrò rẹ̀ ga bí òpó. Ìyá kan náà sì wà tí iyanrìn máa ń wà nínú iyọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá sọ fún un, á ní etí òkun kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá, kí ni wọ́n fẹ́ kí òun ṣe sí i?

Ṣùgbọ́n ìsọ̀ tí ìlú ń sá fún jù lọ ni ti ìyá mi. Iyọ̀ wọn mọ́. Abẹ́rẹ́ wọn kì í dípẹtà. Dígí, òwú, ìlẹ̀kẹ̀, ìwọ̀ ìpẹja, gbogbo ohun tí ọkọ̀ ń gbé wá láti Èkó àti Ìkòròdú ló wà níbẹ̀, wọn kì í sì í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tó ń lé àwọn ènìyàn ni pé ìyá mi gbà pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ àwọn láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ọjà ọjọ́ náà wà. Tí ọjà bá tà, òun ló mú un tà. Tí kò bá tà, òun náà ni.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló gba bẹ́ẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á kùn sínú, wọ́n á sì lọ sùn. Ìyá mi kì í sùn. Tí ọjà bá kú, bí wọ́n bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, wọ́n á wé gèlè, ó di ilé ẹni tó ṣí ọjà. Wọn kì í bínú. Ì bá sàn ká ní wọ́n ń bínú. Wọ́n á jókòó, wọ́n á béèrè àlàáfíà ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gba omi mu, wọ́n á wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá wo aláìsàn:

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe yín lówùúrọ̀ kí ẹ tó yà sọ́dọ̀ mi? Ẹ̀yin àti ìyàwó ò jà? Ẹ ò fẹsẹ̀ kọ? Torí eṣinṣin ò bà lé ìsọ̀ mi látàárọ̀."

Tí ọjà bá wá tà ńkọ́? Ìyẹn tún burú jù. Apẹja kan ra ìwọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ọjà sì tà títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ yẹn, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìyá mi ti ń kanlẹ̀kùn rẹ̀: "Ọlọ́wọ́ ire, ẹ dìde, ẹ wá ra nǹkan!" Ọkùnrin náà ra ìwọ̀ títí ìwọ̀ ilé rẹ̀ fi pọ̀ ju ẹja lọ. Nígbà tó sú u, ó kó ẹní rẹ̀, ó ń lọ sùn sínú ọkọ̀ lójú ọ̀sà.

Ìsọ̀ wa kọjú sí èbúté. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó rí àwọn tó fẹ́ ra iyọ̀ tí wọ́n dúró létí omi, tí wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ tó ti mọ́ látilé.

"Bàbá, ẹ máa ṣáájú. Ẹ̀yin lẹ dàgbà."

"Rárá o, ọmọ dáadáa. Mo ṣì ń wo afẹ́fẹ́ ni."

"Afẹ́fẹ́ wo? Ewé kan ò mì."

"Òun gan-an ni mò ń wò."

Ààfáà àdúgbò wa, tó kọ́ mi ní kéú díẹ̀ kí olùkọ́ ará Ìkòròdú kan tó wá kọ́ mi ní a-b-d, ṣe wàásù lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ọwọ́ Ọlọ́run ni ọjà wà, ẹ̀dá kankan kò ní ọwọ́ níbẹ̀. Wàásù náà wọ gbogbo wa lára. Ṣùgbọ́n tí òwú tó fi ń rán fìlà bá tán, ọ̀sán gangan ló máa ń wá rà á.

Ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀ ń pa mí, àfi ìgbà tí mo fẹ́ gbéyàwó.

Ọmọ àwọn tó bá ọba sá kúrò ní Èkó nígbà tí ọkọ̀ ogun òyìnbó lé e ni wá. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ láti ilẹ̀ ni àwọn ará ilé ọmọbìnrin náà, wọ́n ń pẹja, ìyá rẹ̀ sì ń ta ẹja yíyan. Mo rò pé àjèjì ni wọ́n máa pè mí tí wọn ó fi kọ̀ mí. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ mẹ́nu bà á. Wọ́n wò mí dáadáa, wọ́n ní:

"Ọmọ mi, ìwọ dára. O ń ṣiṣẹ́, o ń kírun. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ló ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ láàárọ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Kí oníbàárà kankan tó dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí ọjà bá wá kú, ta ni ìyá rẹ máa jókòó tì nírọ̀lẹ́? Inú ilé kan náà ni wọ́n jọ wà! Wọn ò tiẹ̀ ní í wé gèlè kí wọ́n tó débẹ̀!"

Wọ́n ní bí ìyá mi kò bá jáwọ́ nínú bíbá oníbàárà lọ sílé, kí n má gbé ẹrù ìdána kankan wá o. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó yà wọ́n lẹ́nu.

"Èmi? Mo kàn máa ń lọ kí wọn ni."

Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo ní àlejò ni mo máa wá, ẹni tí ilé rẹ̀ jìn débi pé ìyá mi ò ní í lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Mo lọ sí èbúté láàárọ̀, mo rí àgbẹ̀ kan láti Àgbówá tó ń já iṣu kúrò nínú ọkọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, iyọ̀ wa mọ́ o, ẹ yà wò ó." Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Òun ò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbá tẹ̀lé mi bí ẹni tó ti rí ọ̀rẹ́ nílùú àjèjì. Ẹ̀rín yẹn ṣì máa ń tì mí lójú.

Bó ti ra iyọ̀ tán, àwọn tó ń fọ ẹsẹ̀ ya wọlé, inú wọn ń dùn. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì yọwó tí òjò fi ṣú, ó sì rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó tún yọjú. Ìyá mi kírun ìrọ̀lẹ́, wọ́n na ọwọ́ sí gèlè.

"Ará ibo ni ọkùnrin yẹn?"

"Àgbówá ni, ìyá mi. Ọ̀nà jìn gan-an."

Wọ́n ronú díẹ̀. "A ní ọkọ̀, àbí a ò ní?"

Èmi ni mo tukọ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí a ṣe ń kúrò ní èbúté, ta ló rí wa bí kò ṣe ìyá ọmọbìnrin náà, tó gbé agbọ̀n ẹja lérí.

"Ibo ni ẹ dorí kọ láàárọ̀ yìí?"

"Àgbówá," ni ìyá mi dáhùn, inú wọn dùn. "A ń lọ kí oníbàárà kan."

Ìyá ọmọbìnrin náà yí ojú sí mi, wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ẹja tó ti ń rùn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti bàjẹ́.

A bá àgbẹ̀ náà níwájú ilé rẹ̀, ó ń to iṣu. Ìyá mi jókòó, wọ́n béèrè àlàáfíà ará ilé, wọ́n mu omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe yín lówùúrọ̀ àná…" Wọn ò tíì parí rẹ̀ tí ọkùnrin náà fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó káwọ́ lérí.

"Mo mọ̀, ìyá. Èmi ni. Kòkòrò jẹ iṣu mi lọ́dún tó kọjá. Ìyàwó mi lọ. Ewúrẹ́ tí mo rà kú kí n tó fà á délé. Àwọn ará ilé mi ń wò mí ni, wọn ò lè sọ ọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ láyà tí ẹ sọ ọ́ sí mi lójú."

Ó ní òun ò ní í tẹ Ẹ̀pẹ́ mọ́, pé òun ò tún ní í fi ọwọ́ òun kan ọjà ẹnikẹ́ni. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí i kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ìyá mi rí. Ó tán lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ padà dé, ọ̀tọ̀ ni ibi tó gbà yọ.

"Ẹ dìde nílẹ̀. Òjò ló rọ̀!"

"Ọwọ́ mi ló fa òjò náà, ìyá."

"Ọwọ́ ta ló lè fa òjò? Gbogbo Ẹ̀pẹ́ lòjò pa, ṣé gbogbo Ẹ̀pẹ́ lẹ ra iyọ̀ lọ́wọ́ wọn?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ tukọ̀ wá sọ ọ́…"

"Kí ni mo mọ̀? Èmi tí mò ń ta abẹ́rẹ́! Ta ló ń gbọ́ tèmi?"

Oòrùn dé àtàrí, wọ́n ṣì ń bá a jiyàn. Gbogbo ohun tí ààfáà sọ nínú wàásù, ìyá mi kà á síta láìfi ọ̀kan sílẹ̀, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ọ. Nígbà tí kò gbà, wọ́n fa iṣu ńlá kan yọ. "Èmi ni mo kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ yín lónìí. Tí ọjà yín bá kú, ẹ wá bá mi nílé, ẹ wá bú mi." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì tutù.

Nígbà tí a ń tukọ̀ bọ̀, ìyá mi yíjú sí mi.

"Ta ló mú ọkùnrin yẹn wá sí ìsọ̀ mi?"

"Èmi ni."

Mo sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Wọn ò bú mi. Ojú omi ni wọ́n ń wò. Èébú ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Kò pẹ́ sí i, ìyá ọmọbìnrin náà dé lówùúrọ̀ kan. Wọ́n kọjá lára gbogbo àwọn tó ń fọ ẹsẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n ra abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìyá mi ti jáwọ́. Àwọn tó wà létí omi gbàgbé ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀.

Oòrùn ò tíì le tí ẹnìkan fi pariwo pé òun rí èéfín lójú ọ̀sà, pé ọkọ̀ ogun òyìnbó ń bọ̀. Ọjà tú. Ìyá gbé ọmọ, ọmọ gbé adìẹ, gbogbo wa sá wọ igbó. Ọwọ́ ọ̀sán ni wọ́n tó wá sọ fún wa pé èéfín àwọn tó ń yan ẹja ní òdìkejì omi ni. Kò sẹ́ni tó tún rántí iyọ̀ lọ́jọ́ náà.

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi wé gèlè. Wọ́n tú u. Wọ́n tún un wé. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n di òpó mú bí ẹni pé afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé wọn lọ, wọ́n padà wá jókòó. Ibẹ̀ la wà tí ìyá ọmọbìnrin náà fi yọ fúnra wọn.

"Mo ti bu omi tutù sílẹ̀ dè yín. Ẹ ò wá."

"Ó rẹ̀ mí díẹ̀ ni."

"Ọjà òní ńkọ́?"

Mo wo ojú ìyá mi. Wọn ò parọ́ lórí ọjà rí, ìyẹn gan-an ni ìyọnu wọn.

"Ọjà tà," ni wọ́n wí.

"Ó tà?"

"Ó tà gan-an. Àlùhámúdùlílàhì."

Ìyá ọmọbìnrin náà wo òkìtì iyọ̀ tó wà bó ṣe wà láàárọ̀, wọ́n wo ìyá mi, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wá ibi fara tì. "Ẹ sọ fún ọmọ yín kó máa gbé ẹrù rẹ̀ bọ̀."

Ìyá mi dúró títí a ò fi gbúròó ẹsẹ̀ wọn mọ́. Wọ́n wá fà mí létí mọ́ra.

"Ọwọ́ obìnrin yẹn burú o. Ó burú ju ti ará Àgbówá lọ. Bí o bá sọ fún un, èmi pẹ̀lú ẹ ni."

Mi ò sọ.