Màlúù Méjì Marsali Opó

Marsali kò ga. Tó bá dúró lẹ́yìn màlúù rẹ̀, aṣọ tó wé mọ́rí nìkan lo máa rí. Ilé rẹ̀ àti tèmi kọjú síra ní àfonífojì Strathorn, ní òkè Skọ́tílándì. Odò kékeré ló wà láàárín wa. Ohun tí mo kọ síbí ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, òun ló sọ ọ́ fún mi, kì í sì í purọ́ fún ẹni tí kì í ṣe ọlọ́lá.

Ọdún tí Torquil, olórí ìdílé wa, kú ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀, Ranald, ẹni ogún ọdún. Ṣùgbọ́n Torquil àti ìyá Ranald kàn di ọwọ́ ara wọn mú níwájú ẹlẹ́rìí ni, pé àwọn á gbé pọ̀ fún ọdún kan. Àlùfáà kò dá sí i. Sorley, àbúrò Torquil, ní ọmọ àlè ni Ranald, òun ni oyè kàn. Ìdajì ìdílé tẹ̀lé Sorley, ìdajì tẹ̀lé Ranald. Wọ́n pa ọkùnrin mẹ́rin àti ajá kan. Kò tíì sí ẹni tó gun òkúta oyè, níbi tí wọ́n ti ń fi olórí jẹ.

Àárín èyí ni Dugald, ọkọ Marsali, kú. Ikọ́ ló pa á, kì í ṣe idà.

Lọ́dọ̀ wa, tí baálé ilé bá kú, ẹran tó dára jù nínú ohun ọ̀sìn rẹ̀ di ti olórí ìdílé. Kalp là ń pè é. Ẹni tó bá gbà á tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè, olórí ni. Ohun ọ̀sìn Dugald kò ju màlúù pupa kan àti àgùntàn mẹ́ta lọ. Wàrà màlúù yẹn ni Marsali ń mu, òun náà ló fi ń ṣe wàràkàṣì tó ń fi pààrọ̀ ọkà. Tí màlúù bá lọ, ebi dé.

Ọjọ́ kẹta ìsìnkú, Sorley dé pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́fà, àáké léjìká.

“Marsali, o kú ọ̀fọ̀. Mo wá gba kalp mi.”

“Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Ọkùnrin méje fún màlúù kan? Kì í tapá tó bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà rẹ́rìn-ín. Sorley wò ó, ó sì yíjú padà sí Marsali.

“Ṣé o ní nǹkan sọ ni?”

“Rárá o. Ẹ máa mú un lọ. Mi ò tíì fún wàrà àárọ̀ rẹ̀. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.”

Wọ́n mú un lọ. Marsali kò sunkún. Ó bọ́jú, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà Dugald, ó gba ọ̀nà ilé Ranald. Mo bá a lọ. A bá Ranald àti àwọn èèyàn rẹ̀ nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Ibẹ̀ ló ti wá bú sẹ́kún.

“Olórí wa o! Wọ́n jà mí lólè!”

Ranald dìde kánkán. Ó ti pẹ́ tí àlejò ti pè é ní olórí. “Ta ni?”

“Àbúrò bàbá yín ni. Ó mú màlúù mi lọ, ó ní kalp ni.”

“Kalp kẹ̀! Ta ló fi í jẹ olórí?”

“Ohun tí mo bi ara mi nìyẹn. Tó bá jẹ́ òun ni olórí, kalp ló gbà, mi ò lẹ́jọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, olè ló jà. Ẹ sì mọ ohun tí olórí ń ṣe fún opó tí wọ́n jà lólè.”

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: inú agbo tirẹ̀ ni olórí ti ń mú ẹran fún un dípò èyí tí wọ́n jí. Ranald wo àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn náà ń wò ó.

“Ẹ fún un ní màlúù dúdú yẹn.”

“Èyí tí wàrà rẹ̀ ń kún garawa méjì lójúmọ́?” ni ọ̀kan nínú wọn bi í.

“Mo ní ẹ fún un!”

Lójú ọ̀nà, mo ní, “Marsali, o ti rí tìẹ gbà. Jókòó jẹ́ẹ́.”

“Kò tíì tán. Màlúù ọkọ mi ṣì wà lọ́dọ̀ Sorley.”

Ọjọ́ kẹrin tí màlúù dúdú ti wà nílé rẹ̀, ó lọ bá Sorley. Èyí ni kò ṣojú mi.

“Ọ̀gá, Ranald fún mi ní màlúù. Gbogbo àárọ̀ tí mo bá ń fún wàrà, àwọn ará àdúgbò ń sọ pé, ‘Màlúù olórí nìyẹn.’”

“Dá a padà fún un lónìí!”

“Kí n wá máa mu kí ni? Wọ́n á ní Ranald ń bọ́ opó, Sorley ń febi pa á.”

Ojú Sorley pọ́n. “Ẹ tú èyí pupa yẹn sílẹ̀ fún un. Mo ti gba kalp mi. Ohun tó jẹ́ tèmi ni mo fi ta ọ́ lọ́rẹ. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Ọ̀gá.”

“Kó o sì dá dúdú yẹn padà!”

“Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.”

Ó dá a padà lóòótọ́. Èmi ni mo fa okùn. Ranald kò tilẹ̀ jẹ́ ká wọ àgbàlá.

“Tí mo bá gbà á, mo ti gbà pé kalp ni Sorley gbà nìyẹn. Ẹ máa fà á lọ, ẹ má sì dé ibí mọ́!”

Nígbà tí Sorley ránṣẹ́ wá béèrè màlúù dúdú, Marsali ní kí wọ́n sọ fún un pé òun dá a padà, Ranald kọ̀ ọ́. Tó bá dun Ọ̀gá, kó lọ fi ipá mú Ranald gbà á. Sorley kò lọ. Wọ́n ti jagun rí ní Strathorn láti gba màlúù. Kò tíì sí ẹni tó jagun láti fún ọ̀tá rẹ̀ ní ọ̀kan.

Ìgbà òtútù yẹn, wàràkàṣì Marsali pọ̀ débi pé àwọn ọmọ ogun Sorley ń wá fi ọkà pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, àwọn ti Ranald lọ́sàn-án. Òun ló yan àkókò fún wọn, kí wọ́n má baà pàdé.